Ohùn Yín Ni Ọjà Yín: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ohùn Jẹun

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo dúró ní Òjóò ní Ìbàdàn, mo ń wá ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì lórí wà lẹ́bàá títì, ó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ohùn inú ẹ̀rọ náà já gaara. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti fa ọ̀rọ̀, ó mọ ibi tó yẹ kó ti já a. Ìyá kan tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mi orí, ó ní, "Ọkùnrin yìí mọ ọjà á polówó o." N kò lè fèsì. Èmi ni ọkùnrin náà.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ń bá ilé-iṣẹ́ kan wá ohùn tó dáa, èèyàn mẹ́wàá ni àwọn fẹ́ dán wò, kí n bá òun ka ìwé kékeré kan kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dán. Ó ní àwọn á pè mí. Ìpè náà ni mo gbọ́ ní Òjóò.

Kì í ṣe ọmọdé ni mí nínú iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ wọ́n rí mi mú. Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ̀yin tí gbogbo ará àdúgbò ń sọ fún pé ohùn yín dùn, pé ó yẹ kí ẹ lọ máa ṣe voice-over. Ẹ̀tàn inú iṣẹ́ yìí pọ̀, àmọ́ gbòǹgbò kan ni gbogbo wọn ní. Olóhùn ló ni ọjà, ẹni tó fẹ́ lò ó ló ń sanwó. Owó kì í ti àpò olóhùn jáde lọ bá oníbàárà, ohùn kì í sì í jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ti rí i tí ọ̀kan nínú méjèèjì yí padà, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Ìdí tí gbéwiri fi wọ ọjà

Ohùn títà kì í ṣe tuntun láàárín wa. Kí rédíò tó dé ni ẹlẹ́kọ ti mọ bí òun ṣe ń pe ọjà tí ẹni tó ti jẹun yó á tún fi yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí rédíò dé, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gba iṣẹ́ náà: wọ́n ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé rédíò, wọ́n ń fi ìpolówó pa owó rẹ̀ padà, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń jẹ́ FIBAN. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe jíńgù gbọ́dọ̀ dé sítúdíò kí ojú ó rí ojú. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù, máìkì kékeré àti kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún aṣọ lè gba ohùn tó mọ́ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Ìwó, bí aládùúgbò bá lè bá a pa jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn ayọ̀ kan dé. Ní oṣù August 2022, ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù October ọdún náà, wọn kò gbọdọ̀ lo àwòrán tàbí ohùn àjèjì mọ́ nínú ìpolówó tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò bá ti ń ti ara wọn wọlé ni gbéwiri máa ń dúró sí.

Ẹni tó ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó

Á ní òun ń bá àwọn olóhùn wá iṣẹ́. Á ní iṣẹ́ wà nílẹ̀, báǹkì kan àti ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ń dúró, ohùn yín sì ni wọ́n mú. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ra fọ́ọ̀mù, tàbí kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, tàbí kí ẹ wá gba àpẹẹrẹ ohùn yín sílẹ̀ ní sítúdíò tirẹ̀ nítorí pé ti ibòmíràn kò bójú mu. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, kí ló dé tí kò yọ owó rẹ̀ lára owó iṣẹ́ náà? Alágbàtà gidi kì í jẹ èrè kí ọjà tó tà. Ìgbà tí oníbàárà bá sanwó tán ni yóò yọ ìdá tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí.

Ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ ọjà tó wà ní gbangba. Ní Voices.com àti Voice123 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olóhùn lè san owó ọmọ ẹgbẹ́ kó lè máa rí iṣẹ́ tí wọ́n ń kéde. Ohun tó ń rà níbẹ̀ ni àyè láti bá ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn du iṣẹ́ náà; ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí pé yóò rí i gbà. Fiverr ní tirẹ̀ ń yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún: bí oníbàárà bá san 100 dọ́là, 80 ló kàn yín, kí báǹkì tó wá mú tirẹ̀. ACX, ti ilé-iṣẹ́ Audible, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìwé di ohùn, kò ṣí fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Àwọn ará Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Ireland ló ń gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣí àkáǹtì ACX ní Ìbàdàn, orúkọ ẹlòmíràn ló fẹ́ tà fún yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti àkáǹtì ọ̀hún pa, owó iṣẹ́ yín ti há sínú rẹ̀.

Owó tó pọ̀ ju àdéhùn lọ

Àrékérekè yìí ti pẹ́ lórí àwọn olóhùn ní Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n. Oníbàárà á kọ̀wé pé òun fẹ́ ohùn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Kò ní bá yín ná ọjà rárá. Iye tí ẹ bá pè ló gbà. Ṣéèkì rẹ̀ á dé, owó inú rẹ̀ á ju àdéhùn lọ. Á ní àṣìṣe ni, tàbí pé ti sítúdíò wà nínú rẹ̀, kí ẹ bá òun fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹnì kan lónìí olónìí. Báǹkì lè jẹ́ kí ẹ ná nínú owó náà kó tó hàn bóyá ojúlówó ni ṣéèkì ọ̀hún. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣéèkì á padà, báǹkì á gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní padà.

Nílé níbí, alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ló gba ipò ṣéèkì. Ẹ má fi alẹ́ẹ̀tì ṣe ẹ̀rí. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó fi ohùn ránṣẹ́. Bí owó tó pọ̀ jù bá sì wọlé lóòótọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ sí àkáǹtì mìíràn, ẹkún yòówù kí oníbàárà máa sun. Ẹ ní kí báǹkì dá a padà síbi tó ti wá. Ó lè jẹ́ owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Ọjọ́ tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, bá ń tọ ipasẹ̀ owó ọ̀hún, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn.

Àyẹ̀wò tó jẹ́ iṣẹ́ gan-an

Èyí ló mú èmi. Kò sí aburú nínú kí oníbàárà fẹ́ gbọ́ ohùn kó tó rà á; ọlọ́sàn náà máa ń bó ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ọlọ́sàn kì í gbé apẹ̀rẹ̀ fún ni pé ká lọ tọ́ ọ wò nílé.

Bí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá ti pé, tó ní orúkọ ọjà, iye owó, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà fóònù, iṣẹ́ ni, kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ka gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, kó má ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹ yí orúkọ ọjà padà. Bí ó bá jẹ́ ọṣẹ, ẹ pè é ní "Ọṣẹ Lágbájá". Ẹ dá orúkọ ara yín sí àárín: "Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí, ohùn èmi báyìí ni." Oníbàárà tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú, nítorí ohun tó ń wá, ìyẹn adùn ohùn, bí ẹ ṣe ń mí, bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ti wà nínú ìwọ̀nba yẹn. Ẹni tó bá faraya pé àfi kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ ti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún yín.

Ohùn tó ń sọ ohun tí ẹ kò sọ

Ohùn tí wọ́n gbé lọ sí Òjóò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè sọ. Èyí tó kàn yìí, tí wọ́n ń fi ohùn yín kọ́ ẹ̀rọ láti máa sọ̀rọ̀, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù July 2005, Susan Bennett, olóhùn ará Atlanta ní Amẹ́ríkà, ń ka oríṣiríṣi gbólóhùn tí kò bára wọn mu fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ScanSoft, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, fún odidi oṣù kan. Wọ́n sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí iPhone 4S gbé Siri, ẹ̀rọ tó ń fèsì nínú fóònù, jáde ní 2011, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló kọ̀wé bi í pé ṣé òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yìí. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní Apple kò san kọ́bọ̀ fún òun. Bev Standing ti ilẹ̀ Kánádà náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú TikTok, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí kò kà rí. Iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè ló rò pé òun ṣe. Ó pẹjọ́ ní 2021, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn.

Ti Paul Lehrman àti Linnea Sage, olóhùn méjì ní New York, ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jù, nítorí orí Fiverr ni wọ́n ti bá wọn. Wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé ìwádìí ẹ̀kọ́ ni, wọ́n san 1,200 dọ́là fún un. Wọ́n sọ fún obìnrin náà pé àyẹ̀wò fún ìpolówó rédíò ni, wọ́n san 400 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lẹ́nu ẹ̀rọ kan lórí ètò tí wọ́n ń gbọ́ nínú mọ́tò. Ní May 2024, wọ́n pe Lovo, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohùn ẹ̀rọ, lẹ́jọ́. Ní July 2025, adájọ́ da apá kan ẹ̀sùn náà nù, ó ní kí apá kan máa tẹ̀síwájú, títí kan ti àdéhùn tí wọ́n ní Lovo yẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó gbà wọ́n dúró: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ síra wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè ń wá ohùn Yorùbá lójú méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹlẹ́tàn. Common Voice ti Mozilla ń gba ohùn Yorùbá ní gbangba, ó sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹnikẹ́ni lè lò ó. Ẹni tó bá kàwé fún wọn mọ̀ pé ẹ̀bùn lòun fúnni. Èyí tí ẹ máa sá fún ni ẹni tó ní kí ẹ ka gbólóhùn ọgọ́rùn-ún mélòó kan, kí ẹ bínú nínú èyí, kí ẹ rẹ́rìn-ín nínú tọ̀hún, tí kò sì lè sọ ọjà tó fẹ́ fi polówó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀rọ ló fẹ́ fi kọ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò ní fi ohùn yín kọ́ ẹ̀rọ, òun kò sì ní fún ẹlòmíràn láti fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, owó ọ̀tọ̀ ni, nítorí gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà bá gbà lọ́la, ẹ̀yin ni ì bá gbà á.

Ọjà tó lè ba ohùn jẹ́

Owó oníbàárà lè pé, kí ọjà rẹ̀ má sunwọ̀n. Ẹni tó gbọ́ ohùn yín lórí oògùn gbà pé ẹ̀yin lẹ dúró fún un. Ìpolówó oògùn, àgbo pẹ̀lú, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, àjọ ARCON sì gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Kí wọ́n ní nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gba àṣẹ láti sọ ọ́ lórí rédíò pé ó ń wo àrùn méjìlá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé méjèèjì hàn yín. Bó bá jẹ́ ti sọgúndogójì, kò sí ìwé tó lè mú un dára: ẹ má kà á. Àwọn tí MMM gbá owó wọn lọ ní 2016 kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Ibi tí oníbàárà gidi wà

Oníbàárà gidi ni ẹni tó ti ń náwó lórí ohùn tẹ́lẹ̀, tàbí tó ní ọjà tó ń fẹ́ ohùn. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ gbọ́ rédíò Yorùbá ìlú yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìpolówó tí ohùn rẹ̀ kò bá ọjà rẹ̀ mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjà tí àwọn Yorùbá ń rà, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tó ni ọjà náà fúnra rẹ̀: oníbúrẹ́dì, ilé oògùn, ilé ìwé, aláṣọ-òkè ní ọjà Òjé ní Ìbàdàn. Ẹ yà sí ẹ̀ka tó ń ṣe jíńgù ní ilé rédíò. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó ní Èkó, sí àwọn àjọ tó ń ṣe ìpolongo ìlera, sí àwọn tó ń ṣe eré ọmọdé, sí ilé-iṣẹ́ tí fóònù rẹ̀ ń sọ fún ni pé ká tẹ oókan fún Yorùbá. Àpẹẹrẹ ohùn ìṣẹ́jú kan tó ní oríṣi mẹ́ta nínú, ìpolówó, ìtàn àti ìkéde, tó láti gbé lọ.

Ohun kan wà tí ẹ ní tí ẹ̀rọ àti àjèjì kò tíì ní. Ìwé tí wọ́n máa gbé fún yín kì í sábà ní àmì ohùn. Mo ti gba ìwé mẹkáníìkì kan rí tó kọ ọ́ pé, "E gbe oko yin wa, a o tun un se." Ẹni tí kò mọ èdè á ní kí àwọn obìnrin gbé ọkọ wọn wá fún àtúnṣe. Bóyá òmíràn á tiẹ̀ dúpẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ yìí lọ lọ́fẹ̀ẹ́: bí wọ́n bá gbé Gẹ̀ẹ́sì fún yín pé kí ẹ sọ ọ́ di Yorùbá kí ẹ tó kà á, iṣẹ́ méjì nìyẹn, owó méjì ni.

Ẹni tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ilé-iṣẹ́ náà, kì í ṣe èyí tó fi pè yín. Ẹgbẹ́ àwọn olóhùn wà ní Nàìjíríà, AVOA ni wọ́n ń pè é. Ẹ béèrè iye tó tọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, kí ẹ má baà ta ohùn yín ní iye tí ẹ ó fi ba ọjà jẹ́ fún ara yín àti fún ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó ṣí ẹnu

Ẹ kọ àdéhùn. Bó jẹ́ orí WhatsApp lẹ kọ ọ́ sí, ó sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kó sọ iye owó. Kó sọ ibi tí wọ́n á ti lo ohùn náà: rédíò ni àbí tẹlifíṣọ̀n, YouTube ni àbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọjà. Kó sọ ìlú tó máa dé àti oṣù tó máa lò. Lẹ́yìn oṣù náà, kí wọ́n tún un san. Kó sọ iye ìgbà tí ẹ máa tún un kà láìgba owó kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Kó sì sọ ti ẹ̀rọ. Ẹ gba ìlàjì owó sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, èyí tí ẹ ti fi ariwo kékeré dí láàárín ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ìgbà tí owó bá pé ni kí ojúlówó tó lọ.

Bí wọ́n bá sì ti lù yín ní jìbìtì, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ pe báǹkì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa gbà mú òun.

Ní Òjóò lọ́jọ́ náà, n kò wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́ mọ́. Nọ́ńbà wà lára ọkọ̀ alágbo, mo pè é, mo sì lọ bá a nílé. Mo ti múra ìjà lọ. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó wọlé, ó mú ìwé ẹ̀rí owó kan jáde. Ó ti sanwó ohùn mi pé pérépéré. Ẹni tó pè mí lórí fóònù ló gbà á. Oníbàárà tí mo ń wá kiri nìyẹn, ní ìlú kan náà pẹ̀lú mi, tó fẹ́ sanwó, tó sì san án. Èmi ni n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo béèrè ìwé NAFDAC, kò ní. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ ohùn mi kúrò, ó sì yọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo gba Òjóò kọjá. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ohùn mìíràn ló ń polówó àgbo ọ̀hún. Ohùn ọmọdé ni, bóyá kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Ó mọ́, ó dùn. Òun ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí.